Áàpù, wẹ́búsáìtì, WhatsApp àbí USSD: èwo la máa fi ta tíkẹ́ẹ̀tì sínimá tí gbogbo èèyàn á lè rà fúnra wọn?

Àwọn méjì kan tó ní gbọ̀ngàn ní Ìjẹ̀bú-Òde ló pè mí pé àwọn fẹ́ máa ṣe sínimá lópin ọ̀sẹ̀, kí n bá àwọn ya áàpù tí èèyàn á fi máa ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí fóònù, tó sì lè fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ àti ẹbí ẹ̀. Iṣẹ́ mi nìyẹn, èmi ni mo máa ń ya bí ojú áàpù ṣe máa rí kí àwọn tó ń kọ kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Àmọ́ kí n tó ya ohunkóhun mo kọ́kọ́ wọ mọ́tò lọ sí Ṣágámù, mo lọ bá àǹtí mi kan tí kò ríran mọ́ láti bí ọdún mẹ́sàn-án, torí mo mọ̀ pé obìnrin yẹn fẹ́ràn fíìmù gan-an, ó ń gbọ́ ọ ni, tó bá ti gbọ́ ohùn òṣèré kan lẹ́ẹ̀kan ó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Fóònù Android ló ń lò, TalkBack ló ń bá a ka ohun tó wà lójú ẹ̀, ó yára débi pé èmi tí mo ríran ò lè bá a dọ́gba. Ó wá sọ ohun tí ojú ẹ̀ rí fún mi. Ó fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin lórí áàpù kan, tiẹ̀ àti ti àwọn ọmọ àbúrò ẹ̀, ó yan fíìmù, ó yan ọjọ́, ó dé ibi tí wọ́n ti ń yan àga, fóònù wá bẹ̀rẹ̀ sí í ké "bọ́tìnì, bọ́tìnì, bọ́tìnì", kò sọ pé àga wo, kò sọ bóyá wọ́n ti rà á. Ibẹ̀ ló ti pe ọmọkùnrin kan nínú ilé, ó gbé fóònù fún un, ó sọ PIN ẹ̀ fún un. Ọmọ yẹn ò mú kọ́bọ̀ o, ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì àǹtí mi lọ tò sórí ìlà ní báńkì kó lè yí PIN padà, torí tíkẹ́ẹ̀tì sínimá lásán. Ó ní, "Mi ò ní kí wọ́n ṣàánú mi, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí n ra nǹkan mi fúnra mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé kalẹ̀ nígbà tí mo ń wo ọ̀nà mẹ́rin tó wà nílẹ̀. Mo kọ ọ́ síbí torí mo mọ̀ pé àwọn míì ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ náà ń ronú irú ẹ̀.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Àwọn kan á kọ́kọ́ béèrè pé èló ni, ó yé mi, àmọ́ owó kọ́ ni mo fi ṣíwájú. Ohun tí mo kọ́kọ́ wò ni pé ẹni tí kò ríran, adití, ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, ìyá àgbà tí ojú ẹ̀ ti ń ṣú, ṣé wọ́n á lè ṣe é láti orí yíyan fíìmù títí dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn láì gbé fóònù fún ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá ní láti gbé e sílẹ̀ níbì kan péré, ó ti já nìyẹn. Ìkejì ni pínpín, torí níbi tiwa níbí èèyàn kì í sábà dá lọ wo sínimá, ẹnì kan ló máa ń sanwó táwọn tó kù á dá a padà fún un, ó lè jẹ́ ọmọ yunifásítì mẹ́ta láti Àgọ́-Ìwòyè, ó sì lè jẹ́ odindi ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ rán aṣọ Ojúde Ọba. Ìkẹta ni owó, ti ẹni tó ń rà àti ti ẹni tó ni gbọ̀ngàn, dátà sì wà nínú owó yẹn o. Ìkẹrin, kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ? Ìkarùn-ún lèyí táwọn èèyàn kì í rántí: Yorùbá tí wọ́n kọ sí i, ṣé ó ṣe é kà, ṣé ó sì ṣe é gbọ́ létí?

Áàpù gan-an, tí wọ́n ń gbà sórí fóònù láti Play Store

Èyí ló wu àwọn tó pè mí jù, wọ́n fẹ́ kí orúkọ gbọ̀ngàn wọn máa hàn lójú fóònù èèyàn, mi ò dá wọn lẹ́bi. Tí wọ́n bá ṣe é dáadáa kò sí èyí tó máa rọ àǹtí mi lọ́rùn tó o. TalkBack ti wà fún Android láti 2009, VoiceOver tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn náà wọ iPhone lọ́dún yẹn kan náà, méjèèjì mọ bọ́tìnì tó bá fóònù wá, wọ́n á kà á láì sí wàhálà tí ẹni tó kọ kóòdù bá ti fún un lórúkọ. Ó lè fi ìka ọwọ́ ṣí i dípò kó máa tẹ PIN. Tíkẹ́ẹ̀tì á sì wà nínú fóònù kódà tí dátà bá tán.

Ṣùgbọ́n "tí wọ́n bá ṣe é dáadáa" yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Google ní kí ibi tí èèyàn máa tẹ̀ má kéré sí 48dp, ìyẹn bíi mìlímítà 9, Apple ní 44 ní ìwọ̀n tiwọn, ẹ wá lọ wo àwọn àga tí wọ́n máa ń yà sínú áàpù sínimá, òmíràn ò tó ìdajì ìyẹn, ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n á fẹ́ tẹ àga kan á tẹ àga kejì. Láti Android 14 tó jáde ní 2023, èèyàn lè fẹ lẹ́tà fóònù ẹ̀ dé ìlọ́po 2, bí màmá mi ṣe ń lò ó nìyẹn, tí ẹni tó ya áàpù bá ti so àpótí ọ̀rọ̀ mọ́ gíga kan pàtó, ńṣe ni ọ̀rọ̀ á gé dànù, wọn ò ní rí iye owó, wọn ò ní rí aago. Accessibility Scanner wà, Google ló ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, ẹ gbé e sórí fóònù kí ẹ fi wo áàpù yín, á tọ́ka sí bọ́tìnì tó kéré jù àti èyí tí kò lórúkọ.

Ẹni tí kò fẹ́ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún Android ọ̀kan fún iPhone, á fẹ́ lo React Native tàbí Flutter, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ áàpù lẹ́ẹ̀kan fún méjèèjì. Ìyàtọ̀ tó kan ọ̀rọ̀ wa ni pé React Native ń lo bọ́tìnì fóònù fúnra ẹ̀, Flutter ní tiẹ̀ ń ya gbogbo ẹ̀ fúnra ẹ̀, á wá fi ohun tí wọ́n ń pè ní Semantics ṣàlàyé ohun tó yà fún TalkBack. Àwọn bọ́tìnì tó bá Flutter wá ti ní àlàyé yẹn lára, àwòrán àga tí ẹ fi ọwọ́ ara yín yà ni kò ní, àfi kí ẹ jókòó kọ ọ́ sí i. Méjèèjì ṣe é lò, àmọ́ tí àwọn tó ń kọ kóòdù fún yín ò bá tíì gbọ́ Semantics rí, ẹ má fi Flutter bẹ̀rẹ̀.

Owó ìforúkọsílẹ̀ ò ga, dọ́là 25 lẹ́ẹ̀kan péré fún Google Play, dọ́là 99 lọ́dọọdún fún Apple. Owó tó ga ni ti ẹni tó máa máa tún un ṣe ní gbogbo ìgbà tí Android bá yí padà. Èyí tó wá jẹ mí lógún jù ni pé ta ló máa gbé áàpù sórí fóònù tó ti kún torí fíìmù ẹ̀ẹ̀kan lóṣù? Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń tajà ní Òkè-Àjẹ̀, wọ́n ní fọ́tò làwọn ń pa rẹ́ kí WhatsApp lè ráyè.

Wẹ́búsáìtì

Ibí yìí lèmi dúró sí, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kó má dà bíi pé mò ń fi pamọ́.

Líǹkì ni, ẹ fi ránṣẹ́, ẹni náà tẹ̀ ẹ́, ó ṣí, kò gba nǹkan kan sórí fóònù. HTML, èdè tí wọ́n fi ń kọ wẹ́búsáìtì, ti ní bọ́tìnì, ó ní àpótí ìkọ̀wé, ó ní àkọlé, tí ẹ bá lò wọ́n bó ṣe yẹ kò sí àrà tí ẹ máa dá kí TalkBack tó gbọ́ ọ. Ibi tí wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tí ẹnì kan bá kun nǹkan láwọ̀ títí tó fi jọ bọ́tìnì, tí kì í sì í ṣe bọ́tìnì, ojú á rí i, etí ò ní gbọ́ ọ.

Ìlànà kan wà tí gbogbo ayé ń lò fún èyí, WCAG, ẹ̀dà 2.2 ẹ̀ jáde ní oṣù kẹwàá 2023, ọ̀fẹ́ ni. Mi ò ní kó gbogbo ẹ̀ síbí, ó pọ̀, àwọn tó kan tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ni màá mú. Àkọ́kọ́ ni àwọ̀. Lẹ́tà àti ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ gbọ́dọ̀ yàtọ̀ síra tó 4.5 sí 1, àwọn tó pè mí fẹ́ lẹ́tà aláwọ̀ wúrà lórí funfun, mo wọ̀n ọ́n, kò tilẹ̀ dé 3 sí 1, a wá yí i sí lẹ́tà dúdú lórí wúrà, wúrà wọn ò sọnù, màmá mi sì rí i kà nínú oòrùn.

Ìkejì ni aago tó ń kà sẹ́yìn. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ yan àga tán, aago á bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mẹ́sàn-án, mẹ́jọ, tó bá tán àga á bọ́ lọ́wọ́ yín. Ó yé mi pé ẹni tó ni gbọ̀ngàn ò fẹ́ kí ẹnì kan di àga mú láì sanwó. Àmọ́ ẹni tó ń fi etí ka gbogbo ojú ìwé yẹn ò lè yára bí ẹni tó ń fi ojú wò ó, ẹni tó jẹ́ ìka kan ló fi ń tẹ̀wé náà ò lè yára. Ohun tí WCAG sọ ni pé kí aago tó tán kí ẹ kìlọ̀ fún un, kí ẹ fún un ní ìṣẹ́jú-àáyá 20 ó kéré tán láti fi bọ́tìnì kan ṣoṣo bù kún un, kó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ tó ìgbà 10. A jà lórí èyí o, àwọn tó ni gbọ̀ngàn ní ìgbà 10 ti pọ̀ jù, mo ní tí àga bá kù rẹpẹtẹ kí ló kàn yín, nígbà tó yá wọ́n gbà.

Ìkẹta ni àwòrán àga fúnra ẹ̀, ibi tí wọ́n ti fi àǹtí mi sílẹ̀. Mi ò ní kí ẹ yọ ọ́, ẹni tó ríran fẹ́ràn ẹ̀. Ẹ kàn fi ìbéèrè ṣíwájú ẹ̀: ẹ̀yin mélòó ni? Ṣé ẹ fẹ́ jókòó nítòsí ẹnu ọ̀nà? Ṣé wíìṣéà wà pẹ̀lú yín, ṣé ẹ fẹ́ kí ẹni tó bá yín wá jókòó tì yín? Kó wá mú àga wá ní ọ̀rọ̀ ẹnu: "Ìlà C, àga 5, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kò tíì lẹ́ni." Ìyẹn ò ṣàǹfààní fún àǹtí mi nìkan, ẹni tó kánjú náà á fẹ́ràn ẹ̀ ju kó máa fi ìka fẹ àwòrán lọ. Ẹ má sì fi àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé nìkan sọ èyí tó ti lọ àti èyí tó kù, ojú àwọn kan kì í mọ ìyàtọ̀ méjèèjì, ẹ fi X sórí èyí tó ti lọ.

Ìgbà tó bá di owó, tíránsífà lọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe, ẹ fi bọ́tìnì tí wọ́n á fi kọ́pì nọ́ńbà àkáǹtì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sí kóòdù kí fóònù lè máa kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, torí tí nọ́ńbà 10 bá lẹ̀ mọ́ ara wọn ohùn fóònù lè kà á bíi bílíọ̀nù mélòó kan, ta ló máa rántí ìyẹn? Ẹ má fi àdììtú lẹ́tà wíwọ́ dán ẹnikẹ́ni wò pé ṣé èèyàn ni. Kóòdù ìdánilójú tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ fi SMS ránṣẹ́, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pípè nìkan, adití ò ní gbé ìpè yẹn, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpótí dípò kí wọ́n máa há a sórí.

Fún adití, èyí tó ṣe pàtàkì jù ò tilẹ̀ sí nínú bọ́tìnì, ohun tó fẹ́ mọ̀ kó tó sanwó ni pé ṣé wọ́n kọ ọ̀rọ̀ fíìmù yìí sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ fíìmù, ẹ má fi í pamọ́. Fún ẹni tó ń lo wíìṣéà, ẹ sọ iye àtẹ̀gùn tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ sọ bóyá ilé ìtọ̀ gbà á wọlé. Òfin tó ní ká má ya àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ ní Nàìjíríà ti wà láti 2019, ọdún 5 ló fún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń lò láti tún ara wọn ṣe, ọdún 5 yẹn sì ti pé. Gbọ̀ngàn tí mò ń sọ yìí ní àtẹ̀gùn mẹ́fà, mo sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ ọ́ sórí wẹ́búsáìtì bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi rọ kọnkéré gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa wọ mọ́tò láti Ìkẹ́nnẹ́ wá kó wá dúró síta.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá ńkọ́? Ẹ yan fọ́ǹtì tó lè gbé àmì sórí ẹ àti ọ tó ti ní àmì nísàlẹ̀, fọ́ǹtì míì á gbé àmì ohùn lọ sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà bíi pé ó já bọ́. Ibi tí wọ́n ti ń wá nǹkan, kó gbà fún ẹni tó bá tẹ "ijebu ode" láì fi àmì kankan sí i, ọ̀pọ̀ wa ló ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Àti pé lórí fóònù mẹ́ta tá a fi dán an wò, ohùn fóònù ń ka Yorùbá bíi ti Òyìnbó ni, àǹtí mi ní òun kì í gbọ́ ju ìdajì lọ. A wá fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ, a sì gba ohùn èèyàn gidi sílẹ̀ fún àwọn ojú ìwé tó ṣe kókó, bọ́tìnì "Gbọ́ ọ ní Yorùbá" ló wà lókè.

Àléébù ẹ̀ ni pé kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí wẹ́búsáìtì, ó kéré tán lásìkò tí wọ́n ń rà á. Àwọn tó sì ń lo Opera Mini láti fi ṣọ́ dátà, tí wọ́n bá ti yí i sí ibi tó ti ń dín dátà kù jù, ọ̀pọ̀ àrà orí wẹ́bù kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ rí i pé rírà á ṣì ń lọ láì sí àwọn àrà yẹn.

WhatsApp

Hubert Ogunde, ọmọ Ọ̀sọsà tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde níbí, tí wọ́n bí ní 1916, tó dá ẹgbẹ́ eré ẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, ìlú dé ìlú ló ń gbé eré lọ, kò jókòó sílé kó ní káwọn èèyàn wá bá òun. Mo máa ń rántí ẹ̀ tí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni WhatsApp ń wá nínú ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ lèèyàn wà. Àǹtí mi ń lò ó, màmá mi ń lò ó, kò sẹ́ni tó máa kọ́ wọn.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé èèyàn á kọ̀wé sí nọ́ńbà gbọ̀ngàn, ẹ̀rọ á dá a lóhùn, bọ́tìnì kì í ju 3 lọ lábẹ́ ọ̀rọ̀ kan, tó bá jẹ́ àkójọ tó ṣí sílẹ̀ kì í ju 10 lọ. Ìdíwọ̀n yẹn ṣe mí láǹfààní, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó ogún nǹkan sójú kan. Tí oníbàárà bá kọ́kọ́ kọ̀wé ẹ ní wákàtí 24 láti bá a sọ ohun tó bá wù yín, tí wákàtí yẹn bá ti kọjá, ọ̀rọ̀ tí Meta, iléeṣẹ́ tó ni WhatsApp, ti fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀ nìkan lẹ lè fi ránṣẹ́, wọ́n sì ń gbowó ẹ̀. Torí náà ìránlétí tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ fíìmù, ẹ ṣírò ẹ̀ mọ́ owó.

Ibi tó ti ń já ni ìsanwó, torí líǹkì lẹ máa fún un tó máa gbé e lọ sórí wẹ́bù náà, tí wẹ́bù yẹn ò bá dáa, ibi tí àǹtí mi wà tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì wà. Nǹkan míì, àwòrán QR, èyí tí wọ́n ń fi fóònù yẹ̀ wò lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, TalkBack ò lè sọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sí abẹ́ àwòrán: fíìmù, ọjọ́, aago, àga, nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ bá fi ohùn ránṣẹ́ ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú, torí adití. Má sì gbàgbé pé Meta ló ni ilé yìí, wọ́n lè ti nọ́ńbà yín pa, wọ́n lè yí owó padà, mi ò ní fi í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo.

USSD àti SMS

Èmi náà rò tẹ́lẹ̀ pé USSD, nọ́ńbà oníràwọ̀ tá a máa ń tẹ̀ bíi ti báńkì, ni ti gbogbo èèyàn torí kò gba dátà, fóònù kékeré oní-tọ́ọ̀ṣì náà sì lè ṣe é. Ìgbà tá a jókòó tì í la rí i. Ojú kan ò lè gbà ju lẹ́tà 182 lọ, àwọn fíìmù mẹ́rin pẹ̀lú aago wọn ti kún un. Tí èèyàn bá pẹ́, ó máa ń já, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó sì máa ń pẹ́ gan-an la ń tìtorí ẹ̀ ṣe é. Fóònù kékeré yẹn ò sì ní ohùn tó ń kàwé fún ẹni tí kò ríran, nítorí náà USSD gba ẹni tí kò lówó dátà, kò gba àǹtí mi. Láti 2021 ni wọ́n ti ń gba ₦6.98 lórí USSD báńkì, tó bá já lẹ́ẹ̀mẹta ẹ mọ ohun tí ẹni náà á máa rò. Gbígba nọ́ńbà oníràwọ̀ yẹn náà, àṣẹ NCC ni, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tàbí kí ẹ lọ háyà ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ti ní in, gbọ̀ngàn kékeré ò lè gbé e.

SMS ní tiẹ̀ wúlò, fún fífi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́. Àmọ́ ẹ ṣọ́ Yorùbá inú ẹ̀. SMS lásán ń gba lẹ́tà 160, tí ẹ, ọ, ṣ bá ti wọ inú ẹ̀ pẹ́nrẹ́n ó di 70. Ọ̀rọ̀ oní-lẹ́tà 150 tó yẹ kó jẹ́ SMS 1 á di 3, owó mẹ́ta lẹ máa san. Fóònù tún ń ka àmì orí ẹ àti ọ lọ́tọ̀, "tíkẹ́ẹ̀tì" tí ojú ń rí bíi lẹ́tà 7, 9 ni fóònù kà á sí. Àwọn kan á ní ká yọ àmì kúrò, èmi ò gbà, ẹ kọ ọ́ kó kúrú ni: "Tíkẹ́ẹ̀tì yín ti jáde. Nọ́ńbà: 482917. Sátidé, aago 4 ìrọ̀lẹ́." Ìyẹn ò dé 70.

Fífi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí ẹlòmíì

Ọ̀nà èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ farabalẹ̀ síbí, torí ibí lọ̀pọ̀ áàpù ti ń kùnà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é báyìí ni pé ẹni tó rà mẹ́rin á ya fọ́tò QR, á jù ú sínú gúrúùpù WhatsApp, ẹni tó kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà á wọlé, wọ́n á ní kí ẹni kejì padà pé wọ́n ti lo tíkẹ́ẹ̀tì yẹn. Ẹni tí kò ríran ò tilẹ̀ mọ èwo nínú fọ́tò mẹ́rin ni tiẹ̀.

Kí tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ní líǹkì tiẹ̀ àti nọ́ńbà 6 tiẹ̀. Ẹni tó rà á á kọ orúkọ ẹni tó fẹ́ fún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, á fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp tàbí SMS, ẹni tó gbà á ò ní forúkọ sílẹ̀ níbì kankan, á kàn ṣí i. Tí ẹni náà ò bá wá mọ́, kí ẹni tó rà á lè gbà á padà kó fún ẹlòmíì. Kí líǹkì yẹn má ṣe fi àga tó jẹ́ ti oníwíìṣéà tàbí ohunkóhun nípa ara ẹni kejì han àwọn tó kù, òfin ààbò dátà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun tó yẹ ká ṣọ́ gidigidi, kódà tí kò bá sí òfin, ṣé gbogbo gúrúùpù ló yẹ kó gbọ́?

Owó náà wà níbẹ̀ o. Ẹ mú Paystack, iléeṣẹ́ tó ń báni gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fún àpẹẹrẹ, 1.5% ni wọ́n ń gbà pẹ̀lú ₦100, ₦100 yẹn kì í sí tí owó ò bá tó ₦2,500, gbogbo ẹ̀ kì í sì í ju ₦2,000 lọ. Tí tíkẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ ₦3,000, ẹni mẹ́rin tó rà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ á jẹ́ ₦580, ẹnì kan tó ra mẹ́rin pọ̀ á jẹ́ ₦280. Àmọ́ tó bá jẹ́ ₦2,000, ó yí padà: lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ₦120, pa pọ̀ ₦220. Ẹ fi iye tíkẹ́ẹ̀tì yín ṣírò kí ẹ tó pinnu bóyá kí ẹnì kan san gbogbo ẹ̀ tàbí kí kálukú san tiẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ló kù. Ojúde Ọba ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ, ọjọ́ kẹta Iléyá, gbogbo Ìjẹ̀bú ti wọlé dé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á lọ sílẹ̀, tí fóònù ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò bá ní láti bá íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀ kó tó jẹ́ kí èèyàn wọlé, ìlà á dé títì. Kí ó ti gbé àkójọ tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ náà sórí fóònù ẹ̀ láàárọ̀. Tí bátìrì oníbàárà bá kú, kó sọ nọ́ńbà 6 ẹ̀ lẹ́nu, ó tán. Adití á kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ hàn án. Ẹ sì kọ́ ọmọ ẹnu ọ̀nà pé kó má ja fóònù gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò ríran, kó sọ pé "Ẹ sọ nọ́ńbà yín fún mi, mà."

Ta ló yẹ kó mú èwo

Gbọ̀ngàn kan tàbí méjì, fíìmù lópin ọ̀sẹ̀, owó ò pọ̀: wẹ́búsáìtì fún rírà, WhatsApp àti SMS fún fífi ránṣẹ́. Ẹ má wo áàpù rárá lọ́dún àkọ́kọ́.

Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlíṣàn tàbí Ìjàgun tó fẹ́ ṣe fíìmù lẹ́ẹ̀kan ní sáà, WhatsApp ti tó yín, ẹ fi líǹkì ìsanwó kan ṣoṣo sí i, kí ẹ sì fi nọ́ńbà 6 dípò QR.

Tí ẹ bá ní gbọ̀ngàn tó tó márùn-ún, àwọn oníbàárà ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ sì ní ẹni tó ń gbowó oṣù lórí kóòdù, ẹ ṣe áàpù, React Native lèmi á mú, lẹ́yìn tí wẹ́bù bá ti dúró dáadáa.

Níbi tí fóònù kékeré bá ti pọ̀, mi ò ní kí ẹ ṣe USSD. Ẹ wá ṣọ́ọ̀bù méjì mẹ́ta ládùúgbò tó máa bá yín tà á, kí wọ́n gba owó, kí SMS wọlé sórí fóònù ẹni tó rà á lójú ẹsẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tí ẹ bá jẹ́, ẹ wá ẹni tí kò ríran kan àti adití kan kó dán an wò kí ẹ tó ṣí i, kí ẹ sanwó iṣẹ́ fún wọn, iṣẹ́ ni. Àǹtí mi ti dán tiwa wò lẹ́ẹ̀mejì, ó rí àṣìṣe mọ́kànlá, a ti tún mẹ́jọ ṣe. Nínú mẹ́ta tó kù, ọ̀kan ni pé tí owó bá wọlé, ojú ìwé á yí padà láì sọ nǹkan kan, ó jókòó síbẹ̀ ó ń dúró, kò mọ̀ pé òun ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Èyí la wà lórí ẹ̀ báyìí.